Iṣẹ́ Àtúnṣe Ilé: Èwo Lẹ Lè Fọwọ́ Ara Yín Ṣe, Èwo Lẹ Máa Pe Oníṣẹ́ Sí?

Owó iṣẹ́ wọ́n, ọjà náà sì wọ́n, ìyẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ra rólà àti búrọ́ọ̀ṣì fúnra wọn láìpe akunlé. Kò burú. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Bí ọ̀dà bá bàjẹ́, ẹ ó tún un kùn. Bí táàpù bá ṣì ń jò, ẹ ó ti omi pa, ẹ ó pe plọ́ḿbà. Ṣùgbọ́n wáyà tí a kò so dáadáa lè dá iná sílé lóru, páìpù tó ń jò nínú ògiri lè jò fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ẹnikẹ́ni tó fura, ẹni tó bá sì já bọ́ láti orí òrùlé lè má dìde mọ́.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ hàn sójú, tó sì ṣeé tún ṣe, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ máa fara pa mọ́, tàbí tó lè gba ẹ̀mí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ tún wo owó irinṣẹ́. Bí irinṣẹ́ tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀kan péré bá wọ́n ju owó iṣẹ́ lọ, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìsì tàbí èyí tí wọ́n fi ń fi iná lẹ páìpù rọ́bà líle tí wọ́n ń pè ní PPR pọ̀, ẹ pe oníṣẹ́.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ gba àṣẹ lẹ́nu onílé kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp, bóyá ó máa yọ owó náà nínú owó ilé tàbí kò ní yọ ọ́.

Kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ yẹ ògiri wò

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri, láti ilẹ̀ dé bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ń wú, tó ń ṣí, tàbí tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ lára rẹ̀, omi wà nínú ògiri yẹn. Ẹ lè dán an wò. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́, kó fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún lósì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá wà ní apá ibi tí ọ̀rá kọjú sí ògiri, inú ògiri lomi ti ń wá. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí inú yàrá ló tutù, ọ̀rinrin inú yàrá ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Kò sí ọ̀dà tó lè dá omi tó ń ti inú ògiri bọ̀ dúró. Àwọn kan á tún ògiri náà rẹ́, wọ́n á fi táìsì bò ó, omi á sì wá yọ lókè táìsì. Ibi tó ti ń wá ni kí ẹ wá rí: páìpù balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri, omi òrùlé tó ń dà sí ẹsẹ̀ ilé, tàbí ilẹ̀ ìta tí wọ́n fi interlock gbé ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Bó bá jẹ́ gbogbo ìsàlẹ̀ ilé ló ń tutù yíká, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò tẹ́ ọ̀rá tó ń dínà omi sórí ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé náà. Bíríkílà tó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú ni kí ẹ pè.

Ẹ wo ojú ibi tó ti là náà. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí kò lè ṣe nǹkan kan, ẹ ó dí i. Èyí tó là gbọọrọ láti igun fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn lọ sókè, tí owó ẹyọ lè wọ inú rẹ̀, ẹ má dí i. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí òpin rẹ̀ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá ìlà yẹn lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, ilé náà ń rìn, ẹnjiníà ló yẹ kó wá wò ó.

Kíkun yàrá kan

Ẹ ká ní yàrá yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀, tí àjà rẹ̀ sì ga tó 10. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 48 lápapọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó di 480 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, ó ku nǹkan bí 427, ìyẹn sì sún mọ́ 40 mítà onígun mẹ́rin. Lórí ògiri tó dán, lítà kan emulsion (ọ̀dà olómi) tó dáa máa ń kun nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, lítà 8 nìyẹn, gálọ́ọ̀nù méjì oní-lítà 4. Bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20 á kun irú yàrá bẹ́ẹ̀ méjì, á sì tún ṣẹ́ kù. Ògiri tí wọ́n rẹ́ tí wọn kò ṣe screeding sí (ìyẹn ohun funfun tí wọ́n fi ń mú kí ojú ògiri dán kí wọ́n tó kùn ún) máa ń mu ọ̀dà; níbẹ̀, ẹ ṣírò lítà kan sí mítà 6 tàbí 7.

Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ wo nọ́ḿbà ara wọn kó jẹ́ ọ̀kan náà, síbẹ̀ kí ẹ dà wọ́n pọ̀ kí ẹ ro wọ́n. Àwọ̀ kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, àárín ògiri nìyẹn á sì ti hàn.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: rólà oní-ínṣì 9 pẹ̀lú àwo rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì oní-ínṣì 2, ohun tí ẹ máa fi ha ògiri, sáńpépà nọ́ḿbà 120, tépù oníbébà, ọ̀rá tí ẹ máa fi bo ilẹ̀, àti àkàbà kékeré tó dúró dáadáa.

1. Ẹ ha gbogbo ọ̀dà tó ti ń ṣí kúrò. Ibi tí ẹ bá fojú fò ni ọ̀dà tuntun á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á sì fa èyí tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ ọ̀dà gloss àtijọ́ ló wà lára ògiri, ẹ fi sáńpépà pa á títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Emulsion kì í di ara dídán mú. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó pa á, nítorí pé òjé lè wà nínú ọ̀dà olóróró ìgbà pípẹ́, eruku rẹ̀ kò sì dáa fún ọmọdé àti aboyún. Kí wọ́n jáde nínú ilé lọ́jọ́ yẹn.

2. Ẹ dí ihò ìṣó àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú ohun tí àwọn akunlé fi ń ṣe screeding. Ó wà lọ́jà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti pò ó tán. Ẹ fi í sí i tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn, torí èyí tó nípọn máa ń là bó bá gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà pa á kó dán.

3. Ẹ nu ògiri. Eruku sáńpépà tó kù lára ògiri ló máa ń jẹ́ kí ọ̀dà bá rólà bọ̀.

4. Àjà ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kó lè jẹ́ pé ohun tó bá kán sára ògiri, ẹ ó ṣì kùn ún bò.

5. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun etí ògiri, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti àyíká síwíìṣì, kó fẹ̀ tó ínṣì 2 sí 3. Ẹ má kun etí gbogbo yàrá tán kí ẹ tó gbé rólà. Ògiri kan ni kí ẹ mú, etí rẹ̀, lẹ́yìn náà àárín rẹ̀, kí etí má tíì gbẹ nígbà tí rólà bá débẹ̀. Ohun tó ń fa ìlà tí èèyàn ń rí lára ògiri bí oòrùn bá tàn sí i ni pé ọ̀dà tútù gun orí èyí tó ti gbẹ. Ìdí kan náà ni kí ẹ fi pa fáànù nígbà tí ẹ bá ń kùn, kí ẹ má sì dá ògiri dúró sí ìdajì láti lọ jẹun.

6. Ẹ bu omi sí ti àkọ́kọ́ bí ara bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ju ìdá mẹ́wàá lọ, ìyẹn lítà 2 sí bọ́kẹ́ẹ̀tì oní-lítà 20. Ẹ má bu omi sí ti ẹ̀ẹ̀kejì, àyàfi bó bá nípọn jù láti yí. Ọ̀dà tí omi rẹ̀ pọ̀ jù máa ń dà bí ẹfun bó bá gbẹ: ẹ fọwọ́ rá a, á lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá akunlé tí ẹ gbà fi omi pọ́n ọ̀dà yín.

7. Lásìkò ẹ̀rùn, ẹ dúró fún wákàtí 2 sí 4 kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Lásìkò òjò, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣí tépù oníbébà kúrò kí ọ̀dà ìkẹyìn tó gbẹ tán, kó má baà fa ọ̀dà ya.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dà kíákíá. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bó ti wù kí ara yín wà lọ́nà tó. Screeding gbogbo ilé, ara ilé alájà láti ìta, àti orí àtẹ̀gùn tó ga, ẹ gbé e fún akunlé. Ọwọ́ tí kò kọ́ screeding máa fi òkè àti kòtò sílẹ̀, ọ̀dà satin, èyí tó ń dán díẹ̀, á sì wá fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Táàpù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Táàpù tó ń kán kò tó ohun tí à ń pe plọ́ḿbà sí. Ẹ ti fáàfù tó ń gbé omi wá síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ti èyí tó wà lábẹ́ táǹkì. Ẹ ṣí táàpù náà kí omi inú páìpù dà tán. Ẹ fi aṣọ dí ihò ìsàlẹ̀ báàsì kí nǹkan má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ tú orí táàpù, ẹ fi sípánà ṣí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí rọ́bà kékeré nísàlẹ̀: wáṣà nìyẹn. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kó fún yín ní irú rẹ̀ gan-an. Bí táàpù náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ìdajì yíyí ṣí, kò ní wáṣà. Odindi inú rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ ọjà torí eyín wọn yàtọ̀ síra.

Bó bá jẹ́ odindi táàpù lẹ fẹ́ pààrọ̀, tépù funfun tí plọ́ḿbà ń wé mọ́ ẹnu páìpù ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọjú ẹnu táàpù tó máa wọ inú páìpù sí ara yín, kí ẹ wé tépù náà mọ́ ọn bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹ fà á le díẹ̀, kó tó ìgbà 6 sí 10. Ẹni tó bá wé e ní òdìkejì, bó ṣe ń yí táàpù wọlé ni tépù ń tú. Bó bá sì ti le lọ́wọ́, ìdajì yíyí kan sí i pẹ̀lú sípánà ti tó. Ẹni tó bá fi agbára kún un ló máa ń fọ́ páìpù rọ́bà tó wà nínú ògiri, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á wá di fífọ́ táìsì.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ bu búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun díẹ̀ sínú táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ búlúù bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì náà ti jẹ, omi ń sá lọ tọ̀sán tòru, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ ìfami yín ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Ohunkóhun tó bá ti wọ inú ògiri tàbí abẹ́ ilẹ̀, ti plọ́ḿbà ni. Kí ẹ tó jẹ́ kí ó fi sìmẹ́ǹtì bo páìpù tuntun, kó fi omi sí i, kó ti ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ sì jọ wò ó di ọjọ́ kejì. Bí páìpù bá máa jò, kó jò nígbà tí ẹ ṣì ń rí i.

Iná

Ẹ pààrọ̀ gílóòbù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ yìí le, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí àwọn ilé wa ní ọ̀nà mẹ́ta tí iná ń gbà wọlé: ti ìjọba, ti jẹnẹrétọ̀, àti ti inverter. Pé wọ́n ti mú iná lọ kò sọ pé iná kò sí lára wáyà. Wọ́n lè dá a padà nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, inverter sì lè ti gbà á láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ máa pa breaker, á pa inverter, á sì fi tester dán wáyà wò kó tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá sọ pé kò séwu, òun ti mọ́ ọn lára, ẹ ní kó máa lọ. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò iná mànàmáná, lọ́wọ́ ẹni tó bá máa ṣe wáyà gbogbo ilé.

Síbẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Wáyà 1.5mm² wà fún gílóòbù, 2.5mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4mm² fún AC àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yìí sì ní breaker tirẹ̀. AC tí wọ́n so mọ́ wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbé wáyà náà gbóná díẹ̀díẹ̀ títí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́, inú ògiri níbi tí ẹ kò ti lè rí i. Ẹ wo àmì NIS, ìyẹn àmì ìdíwọ̀n ọjà Nàìjíríà, lára wáyà, kí ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ pupa, kì í ṣe bàbà, ẹ má rà á.

Òrùlé, táìsì, àti wíwó ògiri

Ẹ má gun òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹ lè wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò ń rọ̀, bí ẹ bá ní ibi líle tí ẹ lè tẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ọ̀gangan ibi tó ti ń kán sílẹ̀, nítorí omi máa ń rìn lórí pákó kó tó bọ́. Ibi ìṣó tí rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ àti ibi tí páànù méjì ti pàdé ni ẹ ó ti kọ́kọ́ wá a. Bí ẹ bá lè fi ibẹ̀ han káfíńtà, kò ní rí ọ̀nà sọ pé gbogbo páànù ló ti bàjẹ́.

Táìsì kan tó fọ́, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Odindi yàrá, ẹ pe onítáìsì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ ka páálí. Ilẹ̀ yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bí 13.4 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé, ó di 14.7. Páálí táìsì 60 sí 60 tó ní mẹ́rin nínú jẹ́ 1.44. Páálí 11 lẹ nílò nígbà náà. Bí táìsì náà bá jẹ́ porcelain, sìmẹ́ǹtì lásán kò ní dì í mú dáadáa torí kì í mu omi. Ẹ ra ohun ìlẹ̀ táìsì.

Wíwó ògiri láti fẹ pálọ̀ kọjá ẹ̀yin àti bíríkílà. Ní Èkó, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń fúnni ní ìyọ̀ǹda ilé kíkọ́; LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ló sì ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ àti èyí tí wọ́n ń tún ṣe. Ẹnjiníà tó ní nọ́ḿbà COREN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló máa sọ bóyá ògiri náà ló gbé dẹ́kì dúró. Bó bá sì kan òpó tàbí bíìmù tuntun, ẹ wo ara àpò sìmẹ́ǹtì: láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, ti pàṣẹ pé rírẹ́ ògiri nìkan ni sìmẹ́ǹtì tí nọ́ḿbà agbára rẹ̀ jẹ́ 32.5 wà fún, oní-42.5 ni kí ẹ fi ṣe òpó, bíìmù, dẹ́kì àti búlọ́ọ̀kù.

Bí ẹ bá máa pe oníṣẹ́

Ẹ béèrè ọ̀gá tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tó gba fíríídọ̀mù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó mú yín lọ wo iṣẹ́ tó ti ṣe, kì í ṣe ti oṣù tó kọjá, bí kò ṣe èyí tí òjò ọdún kan ti rọ̀ sí. Fọ́tò inú fóònù kò tó. Ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ pe oníṣẹ́ mẹ́ta, kí ẹ sọ ohun kan náà fún wọn, kí olúkúlùkù kọ iye ọjà àti owó iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni kí ẹ bi ní ìbéèrè jù, torí bóyá ó fo nǹkan kan, ẹ ó sì san án láàárín iṣẹ́. Ẹ̀yin àti oníṣẹ́ ni kí ẹ jọ lọ ra ọjà: ó mọ èyí tó dáa, ẹ̀yin lẹ sì máa gba rìsíìtì.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sí WhatsApp: ibi tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tó máa kó pàǹtírí dànù, ẹni tó máa san owó lébírà, àti bóyá oúnjẹ wà nínú owó náà. Oúnjẹ àti lébírà ni ìjà máa ń tìdí wọn jáde jù.

Ní ti owó iṣẹ́, ẹ san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin bí iṣẹ́ bá dé ìdajì, mẹ́ta tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti dán an wò. Bí oníṣẹ́ bá ti gba gbogbo owó rẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíì ló máa gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ ṣèlérí mẹ́ta ìkẹyìn yẹn, ẹ san án. Àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́, ẹni tí ẹ bá sì san owó rẹ̀ lásìkò á dá yín lóhùn bí ẹ bá tún pè é.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ fi owó ẹyọ lu táìsì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo nínú, sìmẹ́ǹtì kò kún abẹ́ rẹ̀, kó tú u kó tún un lẹ̀. Ẹ da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sílẹ̀ balùwẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn lọ sí ihò láìdúró síbì kankan. Ẹ tan gbogbo gílóòbù àti AC lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí kan, kí oníṣẹ́ iná fọwọ́ kan ara breaker wò bóyá ó ń gbóná. Ẹ ṣí gbogbo táàpù, ẹ tì wọ́n, kí ẹ fi bébà gbígbẹ nu abẹ́ báàsì. Bí bébà náà bá tutù, iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ má tíì san owó ìkẹyìn.